Fáìlì Ni Iṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Darí Àjọ Tó Fẹ́ Dín Èrò Ẹ̀wọ̀n Kù ní Òṣogbo

Àpò ìrẹsì àti ọṣẹ ni ọ̀pọ̀ àjọ tó ní òun fẹ́ ran ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ kọ́kọ́ ń rà. Wọ́n á kó o dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, wọ́n á ya fọ́tò níwájú géètì, ó parí. Kò burú, ebi ń pa èèyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ò yọ ẹnikẹ́ni jáde rí, kò sì dí ọ̀nà tí ẹlòmíì máa gbà wọlé lọ́la. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni kóòtù ò tíì dá lẹ́jọ́. Wọn ò jẹ̀bi, wọn ò sì jàre, wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Fáìlì ló so ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀: fáìlì tí kò kúrò ní tẹ́ṣàn, fáìlì tí kò dé ọ̀dọ̀ DPP (ọ̀gá àwọn lọ́yà tó ń pẹjọ́ fún ìjọba), fáìlì tí akọ̀wé ò rí mú jáde lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ darí àjọ báyìí ní Òṣogbo, kó yáa mọ̀ pé iṣẹ́ fáìlì lòun fẹ́ gbà.

Ẹ jókòó sí kóòtù kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Ẹ má tíì gba ọ́fíìsì, ẹ má tíì tẹ káàdì. Kí ẹni méjì mú ìwé àjákọ kan, kí wọ́n máa lọ jókòó sí kóòtù májísíréètì ní Òṣogbo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Gbangba ni kóòtù, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, bó bá ti múra dáadáa, tó pa fóònù rẹ̀, tó sì tẹríba fún adájọ́ nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde. Ẹ má ya fọ́tò, ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká èyí mọ́ yín lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn yín níbẹ̀.

Fún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀sùn, ọjọ́ orí, bóyá ó ní lọ́yà tàbí kò ní, ohun tí kóòtù béèrè fún béèlì, àti ìdí tí wọ́n fi sún ẹjọ́ síwájú. Ìdí yẹn ni ojúlówó. Ọlọ́pàá tó ń pẹjọ́ ò wá. Ẹlẹ́rìí ò wá. Ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ò gbé wọn dé. Májísíréètì lọ ìpàdé. Fáìlì ò sí. Onídùúró ò pé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ ka iye ìgbà tí ìdí kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tó bá pọ̀ jù, ibẹ̀ niṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn ń gbà dé ẹ̀wọ̀n tàbí pẹ́ níbẹ̀: tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kóòtù, béèlì tí kò ṣeé ṣe, ìmọ̀ràn DPP (bóyá ẹni náà ní ẹjọ́ láti jẹ́) tí kò dé, àti ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n fún ẹ̀ṣẹ̀ tí iṣẹ́ sísìn ìlú, ìyẹn iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, ìbá tó fún. Ẹ mú ọ̀kan, ó pọ̀ jù kí ẹ mú méjì, fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Àjọ tó bá di márààrún mú lọ́dún kìíní kì í rántí orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́dún kejì.

Òfin tí ẹ ó máa gbé kiri

Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ni àkọ́kọ́. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé e débẹ̀. Àárín ìlú Òṣogbo ni kóòtù wà, nítorí náà kò sí tẹ́ṣàn kankan nínú ìlú yìí tó lè sọ pé ọ̀nà jìn. Abala yẹn kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n ti mọ́lé tí ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì wáyé lẹ́yìn oṣù méjì, kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà láìsí àdéhùn tàbí pẹ̀lú àdéhùn tó máa jẹ́ kó padà wá jẹ́jọ́. Èyí ò kan ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ẹ̀yìn èyí ni òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ACJA ti 2015, irú òfin yìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, wà fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti Abuja. Ní kóòtù ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe lẹ máa tọ́ka sí, nọ́ńbà abala rẹ̀ sì lè yàtọ̀. Lọ́yà tó bá ka nọ́ńbà ti Abuja síwájú májísíréètì Òṣogbo ti bá ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni òfin iléeṣẹ́ ọgbà àtúnṣe ti 2019. Òun ló yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí èyí, tó sì la iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì: títọ́jú àwọn tó wà nínú ọgbà, àti bíbójú tó àwọn tó ń jìyà wọn níta, bíi iṣẹ́ sísìn ìlú, ìdásílẹ̀ pẹ̀lú àmójútó, àti ìpẹ̀tù láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó tún fún ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀, pẹ̀lú alábòójútó ọgbà, láṣẹ láti má gba èrò tuntun mọ́ bí ọgbà bá ti kún. Láti 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin ti mú ọ̀rọ̀ ọgbà àtúnṣe kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìpínlẹ̀ náà ti lè ṣòfin lé e. Ìyẹn ni pé ẹ ní nǹkan gidi láti bá ilé aṣòfin Ọ̀ṣun sọ báyìí, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lásán.

Rẹ́jísítà

Rẹ́jísítà ni ibi tí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ sí. Ẹ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é, ẹ lè fi ìwé ńlá onílà ṣe é. Ìwé dára jù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí iná lè lọ, ìwé ò ní kú. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyí: nọ́ńbà ẹjọ́, tẹ́ṣàn tó ti wá, kóòtù, ẹ̀sùn, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ọjọ́ tó dé kóòtù, ọjọ́ tó wọ ọgbà, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kàn, nọ́ńbà fóònù ẹbí méjì, lọ́yà, ìgbésẹ̀ tó kàn, orúkọ òṣìṣẹ́ tó máa gbé e, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Mẹ́ta ìkẹyìn yìí ni ẹ̀mí rẹ́jísítà. Bí wọ́n bá ṣófo, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lórí èèyàn náà, bó ti wù kí ìyókù kún tó.

Orúkọ nìkan tó ìdààmú. Olúṣẹ́gun lè jẹ́ Segun lórí ìwé ẹ̀sùn, kó jẹ́ Shegun ní tẹ́ṣàn, kó sì jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fi pè é ní ọgbà. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́dà á pe Shegun, kò sẹ́ni tó máa dáhùn, ọkọ̀ á gbéra, májísíréètì á sì sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà bẹ kóòtù kó tún ìwé àṣẹ ìtìmọ́lé kọ bó bá yàtọ̀. Ọjọ́ orí náà ńkọ́? Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n kọ 19 fún kì í ṣe ohun tuntun. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ìbí, NIN tàbí ìwé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ tètè wá, nítorí ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú láàárín àgbàlagbà ní ọgbà.

Ẹ fi bírò pupa sàmì sí ẹni tó bá ti lo ọjọ́ 60. Ẹni tó bá ti lo ọjọ́ 30, àwọ̀ míì. Òṣìṣẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ ní ju fáìlì 25 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti di 40, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, á kàn máa dáhùn ìpè ni.

Ìpè àkọ́kọ́ sí ẹbí gba ọgbọ́n, nítorí àwọn oníjìbìtì ti máa ń pe àwọn ìyá wọ̀nyí pé àwọn lè gba ọmọ wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá lè fi owó ránṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ yín ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Ẹ káàsán, mà. Láti àjọ wa ní Òṣogbo la ti ń pè yín, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó wà ní Iléṣà. A ò ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lónìí, a ò sì ní béèrè lọ́la. Ẹ lè wá bá wa ní ọ́fíìsì, ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání.” Lẹ́yìn èyí ni kó tó dárúkọ béèlì.

Onídùúró

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rọ́ sẹ́wọ̀n ní Òṣogbo láìsí ẹni tó rí i. Kóòtù ti fún un ní béèlì, ó ti “gba ìtúsílẹ̀”, ṣùgbọ́n onídùúró méjì ni wọ́n béèrè, ọ̀kan òṣìṣẹ́ ìjọba, èkejì onílé, kí wọ́n sì máa gbé ní agbègbè kóòtù. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tí bàbá rẹ̀ ń dáko ní abúlé, níbo ló ti máa rí wọn? Ọkọ̀ á gbé e lọ sí Iléṣà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Bí májísíréètì bá ṣe ń kà á ni kí òṣìṣẹ́ yín máa kọ ọ́: iye owó, iye onídùúró, irú ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, ìwé tí wọ́n máa mú wá. Kó ka ohun tó kọ fún akọ̀wé kóòtù kó tó kúrò níbẹ̀, nítorí “kí wọ́n gbé ní Òṣogbo” àti “kí wọ́n nílé ní Òṣogbo” yàtọ̀ síra, wọ́n sì ti dá onídùúró padà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún onídùúró kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe fódà kan: fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, ìwé iná tàbí rìsíìtì ilé tó fi àdírẹ́sì hàn, ìwé owó orí bí wọ́n bá béèrè, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ bá ẹni tó máa lọ yẹ ilé wò ṣàdéhùn wákàtí, kí onídùúró má lọ sọ́jà kí wọ́n tó dé. Obìnrin lè ṣe onídùúró. Ẹni tó bá ní kò lè ṣe é, ẹ ní kó fi abala òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín. Kò ní rí i.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí onídùúró ò pé, ẹ má dúró mọ́. Kí lọ́yà kọ̀wé sí kóòtù pé kó dín àdéhùn béèlì kù, kó sì fi ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún ẹbí náà sí i. Bí májísíréètì bá kọ̀, ilé ẹjọ́ gíga wà.

Ẹ má ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni láé, ẹ̀yin tàbí òṣìṣẹ́ yín. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sá lọ, owó béèlì á bọ́ sí yín lọ́rùn, fáìlì 24 tó kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yín á sì bá a lọ. Bákan náà, àwọn kan wà ní àyíká kóòtù tó jẹ́ pé ìdúró gbígbà ni òwò wọn: wọ́n á gba owó, wọ́n á fi ìwé ayédèrú dúró. Ẹbí tó ti rẹ̀ máa ń sá tọ̀ wọ́n. Ẹ kìlọ̀ fún wọn lọ́jọ́ kìíní, nítorí ìgbà tí ayédèrú bá tú, béèlì á fagi lé, kóòtù ò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kejì bọ̀rọ̀.

Ẹ̀sùn ńlá àti ìmọ̀ràn DPP

Ìpànìyàn àti ìdigunjalè kọjá agbára májísíréètì. Ó kàn máa ń ní kí wọ́n lọ ti ẹni náà mọ́lé títí ìmọ̀ràn DPP á fi dé ni. Fáìlì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, kó gba ọwọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ dé iléeṣẹ́ ìdájọ́ ní sẹkitéríàtì ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ibi mẹ́ta ló ti máa ń há. Wọ́n gbé IPO lọ sí ìpínlẹ̀ míì, fáìlì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Owó fọ́tòkọ́pì ò sí. Tàbí fáìlì ti dé iléeṣẹ́ ìdájọ́, ìmọ̀ràn ti jáde, kò sẹ́ni tó mú un padà sí kóòtù. Ẹ̀kẹta yìí ló ń dunni jù: èèyàn tí DPP ti ní kò ní ẹjọ́ ṣì lè wà ní ọgbà fún oṣù bíi mélòó kan.

Ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, orúkọ mẹ́wàá péré nínú rẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ ìtìmọ́lé, ohun tí ẹ ń béèrè. Orúkọ àádọ́ta nínú lẹ́tà kan, kò sẹ́ni tó máa kà á. Kí wọ́n fi sítáǹpù gba ẹ̀dà yín. Ti fọ́tòkọ́pì, ẹ má fi owó lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí òun fúnra rẹ̀ gbé fáìlì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ san owó fún oníṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gba rìsíìtì. Fáìlì ọlọ́pàá kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ gbé sínú báàgì.

Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ lè wá sí ọgbà láti tú àwọn tó ti pẹ́ jù sílẹ̀. Ẹ má dúró de ìròyìn kí ẹ tó múra. Kí ojú ìwé kan ti wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ́kọ́ to àwọn tí ìgbà tí wọ́n ti lò ju ìyà tó ga jù lọ tí òfin là kalẹ̀ fún ẹ̀sùn wọn lọ. Kì í sí àríyànjiyàn lórí wọn.

Ìpẹ̀tù kó tó di kóòtù

A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Òṣogbo ṣì ní agbo ilé, mọ́gàjí, ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹnu wọn sì ṣì máa ń ká èèyàn. Ìjà orí ìsọ̀ ní Ọjà-Ọba, fóònù tí ọmọ iṣẹ́ mú, gbèsè tí wọ́n pè ní jìbìtì, èyí ṣeé yanjú nílé. Gbèsè gan-an kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìfipábánilòpọ̀, ìdigunjalè, ìpànìyàn àti ohun tó kan ọmọdé, ẹ má jókòó sí ìdí rẹ̀, kódà bí àwọn àgbà bá ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹni tó bá gba owó láti fi bo ẹ̀sùn ńlá mọ́lẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹjọ́ bá sì ti dé kóòtù, àdéhùn gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ olùpẹjọ́ àti adájọ́ kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, lọ́tọ̀, nílé rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́. Àgbà lè ti dá ọ̀rọ̀ parí lé e lórí kí ẹ tó dé, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á dákẹ́, ẹ ó rò pé ó gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà sí tẹ́ṣàn. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ ní Yorùbá: iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ẹlẹ́rìí méjì, ẹni tó máa pe ẹjọ́ bí kò bá san. Ẹ kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ sísìn ìlú

Iléeṣẹ́ ọgbà àtúnṣe ni òfin ní kó bójú tó o. Ti àjọ ni pé kó wá ibi iṣẹ́. Adájọ́ kì í fẹ́ dá iṣẹ́ ìlú fún ẹni tí kò sí ibi tó máa ti ṣe é. Ẹ ní ibi mẹ́fà tó ti fọwọ́ sí ìwé: ilé ìwòsàn, iléèwé ìjọba, ọjà, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó kan tó máa fọwọ́ sí wákàtí lójoojúmọ́, kí ọkọ́, ìgbálẹ̀, bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ sì ti wà nílẹ̀. Oko ẹnì kan tàbí ilé ọ̀gá kan kì í ṣe iṣẹ́ ìlú. Aṣọ tí wọ́n kọ “ọ̀daràn” sí lẹ́yìn náà kò sí nínú òfin, ẹ kọ̀ ọ́.

Ilé àjọ fúnra rẹ̀

Ìforúkọsílẹ̀ ò le. Apá F òfin CAMA ti 2020, òfin tó wà fún iléeṣẹ́ àti àjọ, ni: ó kéré tán trọ́stíì méjì (àwọn tí òfin mọ̀ pé wọ́n di àjọ mú), ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá ní àtakò. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi àjọ fọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báńkì lè máà ṣí àpamọ́ fún yín. Ìjábọ̀ ọdọọdún sí CAC, iléeṣẹ́ tó ń forúkọ àjọ sílẹ̀, wà láàárín 30 Okudu sí 31 Ọ̀pẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ṣe trọ́stíì, tó sì yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹ̀sùn rẹ̀: ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi jìbìtì tàbí àìṣòótọ́ láàárín ọdún márùn-ún ò lè jẹ́ trọ́stíì. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ sanwó oṣù fún un bíi ti ẹlòmíì, ẹ má sì máa pè é wá sọ ìtàn ara rẹ̀ fún gbogbo àlejò tó bá wọlé.

Lọ́yà nìkan ló lè sọ̀rọ̀ ní kóòtù fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹ bá Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà ọ̀fẹ́, àti ẹ̀ka Òṣogbo ti NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ṣàdéhùn, ṣùgbọ́n ẹ ní lọ́yà kan tí ẹ ń sanwó fún, ó kéré tán fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìkan kì í dé kóòtù ní aago mẹ́sàn-án.

Ohun mẹ́rin ni fáìlì ń jẹ: owó ọkọ̀ sí Iléṣà, fọ́tòkọ́pì, káàdì fóònù, owó lọ́yà. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé ìnáwó kí ẹ tó kọ àpèjẹ sí i. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí ṣéẹ̀kì. Ẹ ní owó oṣù mẹ́ta nílẹ̀, nítorí owó ẹ̀bùn láti ilẹ̀ òkèèrè lè dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ kan, ìgbẹ́jọ́ ò ní dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ “ṣe dáadáa” fóun, ìdáhùn kan ni: “Ẹ má bínú, sà, àjọ wa kì í náwó tí kò ní rìsíìtì.” Kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Owó ìtanràn ńkọ́? Àwọn olówó fẹ́ràn kí wọ́n san án nígbà ọdún, kí èèyàn ogún jáde. Ẹ gbà á bí ó bá wá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́. Bí kóòtù bá ti mọ̀ pé ẹnì kan ń san án, ìtanràn ò ní wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀sùn tí ìlú máa fi kàn yín ni pé ẹ ń gbèjà olè. Ẹ má fi gírámà dáhùn. Lórí rédíò, ní Yorùbá, ẹ mú ẹni tí wọ́n jà lólè wá, tí wọ́n dá ohun ìní rẹ̀ padà fún nípasẹ̀ ìpẹ̀tù, kó sọ bí òun ṣe gba nǹkan òun. Ẹ bi àwọn olùgbọ́ bóyá ẹ̀wọ̀n ọdún kan olè ti dá fóònù ẹnikẹ́ni padà rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn lóṣù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbé rẹ́jísítà sórí tábìlì, ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè. Ẹ ṣírò iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò láti ìgbà tó ti gba béèlì sí ìgbà tó jáde, kí ẹ fi wé ti oṣù tó kọjá. Iye yẹn ni kí ẹ gbé lọ fún ìgbìmọ̀ olùdarí àti ẹni tó fún yín lówó, kì í ṣe iye ìrẹsì. Bí ó bá ń lọ sókè, ẹ padà sí kóòtù pẹ̀lú ìwé àjákọ, kí ẹ tún jókòó sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì.